Ìbejì gbọ́ ìró kan náà: kí ló dé tí àyà ẹnìkan ṣì ń já?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Orógun ní Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ìbejì obìnrin ni mo bí, wọ́n ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wọ́n sì jọra débi pé àwọn olùkọ́ wọn kì í mọ èwo ni èwo. Ilé àbúrò bàbá wọn ní Bódìjà ni àwọn méjèèjì wà lálẹ́ ọjọ́ tí nǹkan bú gbàù lóṣù kìíní ọdún 2024. Wíńdò fọ́, àjà já, ṣùgbọ́n Ọlọ́run yọ wọ́n. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, Táíwò ti bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wo ibẹ̀. Kẹ́hìndé ní òun ò lọ, a sì fi í sílẹ̀. Táíwò ti gbàgbé. Kẹ́hìndé ò gbàgbé títí dòní. Bí ẹnìkan bá pa ilẹ̀kùn dé gbàmù, á fò sókè. Tó bá ti ń lọ sí aago mẹ́jọ alẹ́, kò lè kàwé mọ́. A kì í gba Bódìjà kọjá mọ́ nítorí rẹ̀, mo sì ti ní kí wọ́n má tan jẹnẹrétọ̀ lálẹ́. Òun ló mọ̀wé jù tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ó ní òun á kàwé, àmọ́ bí òun bá ti jókòó síwájú ìdánwò, gbogbo ẹ̀ á fò lọ, orí òun á sì máa gbóná. JAMB sì ń bọ̀. Àwọn kan ní ojo ni ọmọ náà, àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Aládùúgbò wa ní kí n lọ ra Lexotan fún un ní kẹ́mísì. Ṣebí inú kan náà ni wọ́n ti jáde? Kí ló fa ìyàtọ̀? (Ìyá Ìbejì, Orógun)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ sì kú ewu ọmọ. Ká tó lọ jìnnà, ẹ má ra Lexotan yẹn. Mo máa sọ ìdí rẹ̀ tó bá yá.

Agbowó ni mo wà lálẹ́ ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kìíní yẹn. Mo kọ́kọ́ rò pé táyà tírélà ló bẹ́ lójú títì, àfi ìgbà tí àwọn abọ́ orí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni ìjọba sọ fún wa pé ohun abúgbàù tí àwọn awakùsà aláìgbàṣẹ kó pamọ́ sínú ilé ló fà á. Ọ̀pọ̀ ará ìlú ló gbọ́ ọ níbi tí wọ́n wà, ọ̀pọ̀ ni kò sì sùn mọ́jú. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, oorun èyí tó pọ̀ jù nínú wọn padà. Ìbéèrè yín wá di èyí: kí ni àwọn tí oorun wọn padà rí kọ́, tí Kẹ́hìndé kò tíì rí kọ́?

Mo fẹ́ mú ọ̀rọ̀ "ojo" yẹn kúrò nílẹ̀ ná, torí ó máa ń bí mi nínú. Nínú ọpọlọ, ní ìhà ọ̀tún àti ìhà òsì, ẹ̀yà kékeré kan wà tí kò ju kóró álímọ́ńdì lọ. Amygdala ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó pariwo "sá!" kí èèyàn tó ronú rárá. Obìnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní S.M. nínú ìwádìí wọn. Àrùn kan tó ṣọ̀wọ́n ló ba ẹ̀yà yìí jẹ́ fún un ní ìhà méjèèjì. Ejò ò bà á lẹ́rù, fíìmù abanilẹ́rù ò bà á lẹ́rù, àmọ́ wọ́n ti yọ ọ̀bẹ sí i rí, wọ́n sì ti yọ ìbọn sí i, nítorí kò mọ ibi tó yẹ kéèyàn yàgò fún. Ẹni tí kò lè bẹ̀rù kọ́ ni akọni. Ẹni tí kò lè kọ́ ẹ̀kọ́ kan báyìí ni.

Ẹ̀kọ́ ni ìbẹ̀rù, Ìyá Ìbejì. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ní Bódìjà, ọpọlọ Kẹ́hìndé kó gbogbo ohun tó wà nítòsí jọ: òkùnkùn alẹ́, aago mẹ́jọ tó kù díẹ̀, òórùn erùpẹ̀, ìró tó wúwo. Ó so gbogbo wọn mọ́ ikú. Ẹ ò rí i pé ọmọ tó mọ̀wé ni lóòótọ́? Táíwò kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn bákan náà. Ẹ pè é kí ẹ bi í léèrè wíńdò tó kọ́kọ́ fọ́, á sọ ọ́ fún yín. Táíwò kò gbàgbé nǹkan kan. Ẹ̀kọ́ kejì ló kọ́ lé e, pé ìró máa ń dún, ilẹ̀ máa ń ṣú, aago mẹ́jọ máa ń lù, kò sì sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀.

Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí Ivan Pavlov, ará Rọ́ṣíà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904, ti rí èyí lára ajá. Ajá tó ti mọ̀ pé ìró kan ló máa ń ṣáájú oúnjẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í da itọ́ bó bá ti gbọ́ ìró náà. Bí ìró náà bá wá ń dún láìsí oúnjẹ, itọ́ náà á dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ajá náà sinmi díẹ̀, kí ìró náà tún dún, itọ́ á tún yọ. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ kò lọ síbì kan, ńṣe ni ẹ̀kọ́ kejì jókòó lé e lórí. Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rù ọmọ èèyàn náà ṣe rí nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun máa pa ìrántí alẹ́ yẹn rẹ́ kúrò lórí ọmọ yín ń purọ́ fún yín ni. Ohun tó ṣeé ṣe ni pé kí ẹ̀kọ́ kejì lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ wo orúkọ àwọn ọmọ náà fúnra wọn. Táyé-wò ló kọ́kọ́ jáde láti tọ́ ayé wò, Kẹ́hìndé dúró lẹ́yìn kó lè gbọ́ bó ṣe rí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an nìyẹn. Táíwò lọ sí Bódìjà, ó fẹsẹ̀ tẹ erùpẹ̀ ibẹ̀, àyà rẹ̀ lè ti já díẹ̀, ó padà wálé láìsí nǹkan tó ṣe é. Ó mú ìròyìn wá fún Kẹ́hìndé pé kò sí nǹkan kan mọ́. Àmọ́ amygdala kì í gba ìròyìn ẹlòmíì gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ara tirẹ̀ ló fẹ́ kó rí i.

Ó dáa, kí ló wá jẹ́ kí ọ̀kan jáde, kí èkejì jókòó, nígbà tí ẹyin kan ṣoṣo ló pín sí méjì? (Mo gbà pé ẹyin kan ni, nítorí bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe ìjọra wọn. Àyẹ̀wò nìkan ló lè fi hàn dájú.) Ní 2003, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà kó ìbejì 173 jọ ní méjì méjì, àwọn tó jọra gan-an àti àwọn tí kò jọra, wọ́n sì wo bí ara oníkálukú ṣe ń kọ́ láti bẹ̀rù àwòrán tí iná mànàmáná kékeré ń tẹ̀ lé. Nínú ìyàtọ̀ tó wà láàárín èèyàn sí èèyàn, bíi 35 sí 45 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n rí pé ó tọ ipa ohun tí a jogún. Ìyẹn ni pé ìyókù, èyí tó ju ìlàjì lọ, ibòmíràn ló ti wá. Ìbàdàn wa yìí náà wà nínú ọ̀rọ̀ àbùdá, ìyẹn ohun tí à ń jogún lára òbí, torí ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá ìlú yìí wà lára èyí tí gbogbo àgbáyé fi ń ṣèwádìí títí dòní, YRI (Yoruba in Ibadan) ni wọ́n ń pè é. Síbẹ̀, kò sí àbùdá kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni lè nawọ́ sí pé ìwọ lo fa ìpayà.

Ìwádìí tó wù mí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí, eku ni wọ́n fi ṣe é, ní Jámánì. Èsì rẹ̀ jáde ní 2013. Wọ́n kó eku ogójì tí àbùdá wọn jẹ́ ọ̀kan náà sínú ilé ńlá kan tó ní òkè àti ìsàlẹ̀, oúnjẹ kan náà, afẹ́fẹ́ kan náà, fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe tán, eku kò jọ eku mọ́. Àwọn kan ń rìn káàkiri gbogbo ilé, àwọn kan fara mọ́ igun kan, ìyàtọ̀ náà sì ń fẹ̀ sí i bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́. Àwọn tó ń rìn káàkiri ni sẹ́ẹ̀lì tuntun hù jù nínú hippocampus wọn, apá ọpọlọ tó ń bá wa tọ́jú ibi àti àkókò tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ìyàtọ̀ bíńtín ní ìbẹ̀rẹ̀ ló di ìwà. Ó ṣeé ṣe kí Kẹ́hìndé wà nítòsí wíńdò ju Táíwò lọ lọ́jọ́ yẹn, tàbí kó jẹ́ pé inú ń run ún lọ́jọ́ tí Táíwò jáde. Nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má wá a kiri.

Èmi náà mọ̀ ọ́n lára. Ọmọdé ni mí nígbà tí odò Ògùnpa ya wọ ilé lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1980, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní Omíyalé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jọ wà lórí àjà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń sùn hanrun bí òjò bá ń rọ̀. Èmi rèé, bí òjò bá ti ń lù páànù lóru, mo máa dìde lọ wo ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹni tó ń pè mí ní ojo, bóyá torí pé irùngbọ̀n mi ti funfun.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Àwọn tó ń ṣèwádìí lórí àìsàn àníyàn ti rí èyí léraléra. Wọ́n á fi àwòrán méjì han èèyàn, iná kékeré ń tẹ̀ lé ọ̀kan, nǹkan kan kì í tẹ̀ lé èkejì láé. Gbogbo wa la máa bẹ̀rù àkọ́kọ́. Àwọn tí àníyàn ti di àìsàn sí lára máa ń bẹ̀rù èkejì, tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, ju àwọn tó kù lọ. Ilẹ̀kùn tó dé gbàmù kì í ṣe àdó olóró, ṣùgbọ́n lára Kẹ́hìndé, kò sí ààlà láàárín wọn mọ́.

Ìyá Ìbejì, ẹ fojú fo èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, torí ìfẹ́ ló mú yín ṣe é. Jẹnẹrétọ̀ tí ẹ pa, ọ̀nà Bódìjà tí ẹ ò gbà mọ́, àwọn ló ń bọ́ ìbẹ̀rù náà. Ní gbogbo ìgbà tí Kẹ́hìndé bá yẹra tí nǹkan kan ò sì ṣẹlẹ̀, ohun tí ọpọlọ rẹ̀ ń kọ ni pé, "Ọpẹ́lọpẹ́ pé a yẹra." Kò kọ ọ́ pé, "Kò sí ewu níbẹ̀ mọ́." Bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ kejì yẹn, ojú ibi tí ẹ̀rù wà nìkan la ti ń kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ ìdánwò ńkọ́? Orí tó ń gbóná yẹn, ó ní ìtàn lọ́dọ̀ wa. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Aró ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé ní 1960 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó ń wá bá a. Wọ́n ní orí ń gbóná, nǹkan ń rìn lórí àwọn, ojú ń ṣú, ìwé táwọn kà kò wọlé mọ́. "Brain fag" ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn. Prince rò pé ẹ̀kọ́ òyìnbó tí èèyàn ń dá kọ́ ló ń bá ìgbé ayé ẹbí wa jà nínú wọn. Èmi ò gba apá yẹn. Ọmọ tí gbogbo ẹbí gbé ìrètí kà lórí, níwájú ìdánwò kan ṣoṣo, tí orí rẹ̀ kò bá gbóná ni kó yà wá lẹ́nu.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ibi tí a ti ń ṣe ìṣirò lọ́wọ́ nínú ọpọlọ kéré gan-an, ó dà bí àtẹ oníṣu wẹ́wẹ́: nǹkan bíi mẹ́rin ló lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Bí "ṣé mi ò ní kùnà?" àti "ìró wo nìyẹn?" bá ti gba ààyè méjì lórí àtẹ, kí ló kù fún ìbéèrè? Ohun kejì ni omi ara tí ìpayà ń tú jáde, cortisol. Ní 2000, wọ́n fún àwọn tí ara wọn dá ní oògùn cortisone, èyí tí ara máa ń sọ di cortisol, ní wákàtí kan kí wọ́n tó rántí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti kọ́ lánàá. Ohun tí wọ́n rántí dín kù. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ o, ilẹ̀kùn ló há. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí Kẹ́hìndé bá dé ìta gbọ̀ngàn, tí ara rẹ̀ balẹ̀, ìdáhùn á tún máa yọjú. Ẹ bi í bóyá mo purọ́.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an. Ní 2016, Ayanna Thomas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà kọ́ èèyàn 120 ní ọ̀rọ̀ àti àwòrán. Ìdajì wọn ń tún un kà ṣáá, ìdajì ń pa ìwé dé, wọ́n ń gbìyànjú láti fa ohun tí wọ́n kọ́ yọ láti inú orí. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kó jìnnìjìnnì bá apá kan nínú wọn: wọ́n ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ láìmúra sílẹ̀, kí wọ́n sì ṣe ìṣirò lójú àwọn adájọ́. Àwọn tó ń tún ìwé kà gbàgbé púpọ̀. Ní ti àwọn tó ń fà á yọ, jìnnìjìnnì náà kò rí wọn gbé ṣe. Nítorí náà, kí Kẹ́hìndé dín kíkà kù. Kó mú ìbéèrè JAMB àtẹ̀yìnwá, kó pa ìwé dé, kó dáhùn rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú aago níwájú. Kó kọ́kọ́ ṣe ogún ìbéèrè, kó máa lé e títí yóò fi pé 180 nínú wákàtí méjì. Kó máa ṣe é káàkiri, lọ́jọ́ kan nílé, lọ́jọ́ mìíràn nílé ìwé, lọ́jọ́ mìíràn ní kọ̀ǹpútà àjèjì.

Ní ti ìró náà, Mary Cover Jones ti ṣe ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe, ní 1924, fún ọmọkùnrin kékeré kan tó ń bẹ̀rù ehoro. Bí ọmọ náà ṣe ń jẹun, wọ́n ń gbé ehoro náà súnmọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, títí tó fi ń fọwọ́ kàn án. Ẹ má gbé Kẹ́hìndé jù sáàárín Bódìjà lọ́jọ́ kan o. Ẹ jókòó tì í, kí òun fúnra rẹ̀ to ohun tó ń bà á lẹ́rù láti orí èyí tó fúyẹ́ jù. Ó lè jẹ́ ìró ìbúgbàù lórí fóònù, kí wọ́n ṣe é kó lọ sílẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tan jẹnẹrétọ̀ ní aago méje ààbọ̀. Lẹ́yìn náà, kó jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ títí aago mẹ́jọ yóò fi kọjá. Lẹ́yìn náà, kó wọ mọ́tò kọjá ní Bódìjà láìsọ̀kalẹ̀. Kó tó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó kọ ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sínú ìwé kékeré kan. Bó bá ṣe tán, kó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àyà rẹ̀ á já, ẹ jẹ́ kó já. Kó má sá kúrò níbẹ̀ ni kókó. Kí Táíwò bá a jókòó lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kí ó dìde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Kẹ́hìndé á rò pé Táíwò ló gba òun là.

Ẹ má sì bẹ̀rù bó bá dára fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó sì padà lọ́jọ́ kan, pàápàá níbi tí kò dé rí. Ajá Pavlov nìyẹn. Ibi tí a ti kọ́ ẹ̀kọ́ kejì ló máa ń fẹ́ lẹ̀ mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó máa ṣe é káàkiri.

Lexotan wá kàn. Ó wà nínú ìdílé oògùn kan náà pẹ̀lú Valium. Ó máa mú ara balẹ̀, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ó máa ń dí ohun tuntun lọ́wọ́ láti wọ inú ìrántí, ara sì máa ń mọ́ ọn lára débi pé àtifi sílẹ̀ á di ogun. Ọmọ tó ní ìwé láti kọ́, tó tún ní ẹ̀kọ́ kejì láti kọ́, ẹ fẹ́ fún un ní oògùn tó ń dènà kíkọ́! Àwọn oògùn mìíràn wà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Dókítà ló máa pinnu bóyá ó nílò wọn.

Ní ti ayé, ẹ máa gbàdúrà yín, mi ò bá àdúrà jà. Ẹ kàn má jẹ́ kó rọ́pò ìtọ́jú. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fọ̀rọ̀ wá èèyàn 4,984 lẹ́nu wò káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà, èsì tó jáde ní 2006 fi hàn pé àìsàn àníyàn ló wọ́pọ̀ jù nínú àwọn àìsàn ọpọlọ tí wọ́n wò: 5.7 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti ní in rí. Nínú àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń dí lọ́wọ́ gan-an, nǹkan bíi 8 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló rí ìtọ́jú gbà láàárín ọdún kan. Ohun tó tún ya èèyàn lẹ́nu níbẹ̀ ni pé wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ẹnikẹ́ni tó ní irú àìsàn tó ń tẹ̀ lé jàǹbá bíi ti Kẹ́hìndé. Èmi ò gbà pé kò sí wọn. Bí a ṣe ń sọ ọ́ ni kò bá ìbéèrè mu. Ara la fi ń sọ ọ́ lọ́dọ̀ wa: orí gbígbóná, àyà jíjá, ìnira tí kò lórúkọ.

Èyí tí Kẹ́hìndé ní ti pẹ́ jù fún ìdílé láti dá gbé. Ẹ mú un lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní ilé ìwòsàn UCH, kí ẹ béèrè fún ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ àti ìdánrawò ṣe ìtọ́jú. Bó bá ti sọ pé ayé sú òun, tàbí tí kò sùn rárá fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì. Àwọn ohun kékeré tí mo kà sílẹ̀ yẹn, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ wọn láṣàálẹ́ òní, kí ẹ tó rí ọjọ́ gbà lọ́dọ̀ wọn. Bí ẹ bá sì ń lọ, ẹ mú ìwé kékeré yẹn dání fún dókítà.